Omi Glasgow àti Ìkarahun Àwọn Ìṣáwùrú Mi

Nígbà tí a kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù wá sí Glasgow, mo gbé ìṣáwùrú mi mẹ́fà lé ẹsẹ̀ nínú ike olómi kan nínú ọkọ̀ ojú irin, mo sì ń fi ọ̀rọ̀ àgbà tu ara mi nínú pé bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀lé e. Oṣù mẹ́ta kò tíì pé tí mo fi rí i pé ìkarahun gan-an ni kò fẹ́ tẹ̀lé wa mọ́. Ilà dúdú tó wà lórí àwọ̀ wúrà wọn ti ń ṣí, ṣóńṣó rẹ̀ ti funfun, ihò wẹ́wẹ́ sì ti ń dá sí i lára.

Ìgbín omi ni mo ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí ìyá mi rí wọn lórí fóònù tí wọ́n ní ìṣáwùrú ni orúkọ wọn, pé ìgbín kì í gbé inú omi. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí pé ìgbín ilẹ̀ wa yóò kú bí a bá rì í sómi. Irú tèmi yìí ni àwọn tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ ń pè ní nerite.

Oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi kùkúmbà àti ẹ̀fọ́ tí mo bọ̀ sínú àpótí gíláàsì wọn, wọn kò tilẹ̀ bojú wò ó. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára gíláàsì ni wọ́n ń há jẹ. Kẹ́túlù ló là mí lójú. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹfun a máa lẹ̀ mọ́ inú kẹ́túlù wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n ti Glasgow ń dán bí ìgbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Omi Lọ́ńdọ̀nù ti gba inú àpáta ẹfun kọjá, nígbà tí ti Glasgow ń ti adágún Loch Katrine wá láti ọdún 1859, láàárín òkè olókùúta líle tí kì í yòrò, nítorí náà, kálísíọ́ọ̀mù tí ìṣáwùrú fi ń mọ ilé ara rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Irú omi bẹ́ẹ̀ tún máa ń tètè kan. Mo fi ìwé ìdánwò wọn pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi bí omi ṣe kan hàn (bí ó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó), mo bá 6, bẹ́ẹ̀ 7 sí 8 ló tọ́ sí wọn; ohun tó kan yìí ló ń jẹ ìkarahun wọn díẹ̀díẹ̀.

Iyùn fífọ́ ni mo fi wá ojútùú sí i: ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò àwọ̀n kékeré, tí mo tì sínú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Ó dára ju kí a da nǹkan oníyẹ̀fun sómi lẹ́ẹ̀kan náà lọ, nítorí pé bí omi bá ti ń kan ni iyùn ń yòrò, tí kálísíọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ń wọ inú omi, ara ìṣáwùrú kò sì fẹ́ ìyípadà òjijì. Ẹ má retí pé ihò àtijọ́ yóò dí o. Etí ẹnu ìkarahun nìkan ni ó ti ń dàgbà, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ilà tuntun tó ń dán.

Mẹ́rin ló kù báyìí, ẹ̀bi mi sì ni. Ẹja kan ní àìsàn ààmì funfun, mo da oògùn sómi láìka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn ìgò, láìmọ̀ pé bàbà wà nínú rẹ̀. Bàbà kì í dá ìṣáwùrú sí. Méjì kú kí ilẹ̀ tó mọ́, òórùn wọn ni mo sì fi mọ̀, nítorí pé òkú ìṣáwùrú kì í fara pamọ́. Ẹ tètè yọ ọ́ kí ó tó ba gbogbo omi jẹ́.

Ẹ dé àpótí náà dáadáa, torí pé wọ́n máa ń gùn jáde lóru. Ẹyin wọn tó dà bí ẹ̀gúsí funfun kéékèèké kì í pa nínú omi tí kò níyọ̀, kì í sì í ṣí kúrò bọ̀rọ̀. Káàdì báńkì àtijọ́ ni mo fi ń ha á lára gíláàsì ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.