Ohun tí ojú mi rí lábẹ́ orí ẹ̀rọ mílìn tí mo sọ di CNC

Ẹ̀yin tí ẹ ti tú ẹ̀rọ mílìn yín palẹ̀ sínú ilé, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi kọ́tà, irin ẹlẹ́nu mímú tó ń yí, gé irin, tí ẹ fẹ́ sọ ọ́ di CNC tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí ballscrew, skúrúù tí bọ́ọ̀lù irin wà nínú nọ́ọ̀tì rẹ̀, ti dé, tí ẹ kàn ń dúró de mọ́tò àti driver tó ń fún mọ́tò níná, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Egbò ọwọ́ mi kò tíì jiná tán tí mo fi ń kọ èyí. Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀: ẹ má ṣe fi ballscrew sí Z, ìyẹn apá tó ń gbé orí ẹ̀rọ lọ sókè sódò, bí ẹ kò bá tíì ní ohun tó máa di orí náà mú nígbà tí kò sí iná. Mo ní ẹ̀kọ́ mìíràn láti sọ, ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí nìkan lẹ gbọ́, ó tó.

Ẹ̀rọ afọwọ́yí kò kọ́ wa ní ìbẹ̀rù yìí. A ó yí ọwọ́ Z, a ó fi í sílẹ̀, bó bá sì di ọ̀la, ibi tí a fi í sí la ó bá a. Kì í ṣe pé ẹnì kan dè é mọ́lẹ̀. Skúrúù àtijọ́ àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, irin ń gbo irin ni. Nínú agbára 100 tí a bá fi yí i, bíi 20 sí 40 ló ń di iṣẹ́, ìyókù ń ṣòfò síbi tí wọ́n ti ń gbo ara wọn. Òfò yẹn gan-an ló ń di orí ẹ̀rọ mú. Ballscrew ti mú òfò náà kúrò. Bọ́ọ̀lù irin kéékèèké ló ń yí gbirigbiri nínú nọ́ọ̀tì tirẹ̀, nítorí náà bíi 90 nínú 100 ló ń di iṣẹ́. Ohun tí a torí rẹ̀ rà á nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kó rọrùn láti gòkè ló mú kó rọrùn láti sọ̀ kalẹ̀. Ẹ yí skúrúù, orí á gòkè. Ẹ fi orí sílẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á yí skúrúù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní orí ẹ̀rọ pẹ̀lú spindle, ọ̀pá tó ń yí kọ́tà, àti mọ́tò rẹ̀ wúwo tó kílò 50, ballscrew sì jẹ́ 1605, èyí tó nípọn ní mílímítà 16 tó sì ń rìn ní mílímítà 5 fún yíyí kan. Agbára tí ìwúwo yẹn máa fi yí skúrúù jẹ́ bíi 0.35 newton-mítà. Stepper, mọ́tò tó ń yí ní ìgbésẹ̀ kéékèèké, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ NEMA 34 tí iná sì wà lára rẹ̀ á di èyí mú láìsí wàhálà. Bí iná bá kúrò, oófà inú rẹ̀ nìkan ló kù, agbára oófà náà kò sì sábà tó bẹ́ẹ̀. Servo, irú mọ́tò CNC kejì, ò tilẹ̀ ní èyí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú. Ẹni tó bá ní mọ́tò òun tóbi, òun kò ní ìṣòro, kó mọ̀ pé iná ló tóbi, kì í ṣe mọ́tò.

Mi ò sọ pé ballscrew kò dára o. Fún X àti Y, ọ̀nà méjì tí tábìlì ń gbà rìn, mi ò ní padà sí skúrúù àtijọ́ láé. Ẹ gbé dial gauge, aago tí a fi ń wọn ìrìn kékeré, ti tábìlì ẹ̀rọ àtijọ́, kí ẹ yí ọwọ́ lọ kí ẹ yí i bọ̀, ẹ ó rí bí ọwọ́ ṣe ń yí tí tábìlì ò sì kúrò níbi tó wà. Àlàfo tó wà láàárín skúrúù àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ ló fà á, òun náà ló ń jẹ́ kí kọ́tà fa tábìlì mọ́ra lójijì bí a bá gé irin sí ọ̀nà tí kọ́tà ń yí sí. Sọ́fítíwíà lè fi kún ìwọ̀n láti bo àlàfo náà, ṣùgbọ́n kò lè di tábìlì mú. Torí náà ẹ fi ballscrew sí X àti Y pẹ̀lú ìdùnnú. Lórí Z ni mo ti ní ọ̀rọ̀ láti sọ, nítorí X àti Y kò ní ibi tí wọ́n fẹ́ já sí.

Ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, iṣẹ́ ń lọ geere. Mo ń gbẹ́ àpò kan sínú àwo alumíníọ̀mù, ó sì ku díẹ̀ kó parí. Èérún alumíníọ̀mù ti kún inú àpò náà, ó ti ń lẹ̀ mọ́ ẹnu kọ́tà. Mo dá ètò dúró, mo pa spindle. Lẹ́yìn náà mo ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ń kọ́ ọmọ iṣẹ́: mo tẹ bọ́tìnnì pupa kí n tó ki ọwọ́ bọ abẹ́ spindle, kí ẹ̀rọ má baà gbéra lójijì. Mo gbọ́ nígbà tí contactor, switch tó ń já iná mọ́tò, dún, iná ojú driver kú, mọ́tò tó máa ń hùn lábẹ́lẹ̀ náà dákẹ́. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo ki ọwọ́ ọ̀tún bọ ibẹ̀.

Orí ẹ̀rọ náà kò já bí òkúta. Ó kọ́kọ́ rọra ń sọ̀ kalẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Kí n tó mọ̀ pé òótọ́ ni, ó ti yára. Ẹnu kọ́tà bọ́ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi, láàárín eegun ìka ìfábẹ̀lá àti ti àárín, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ etí àpò tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́. Kọ́tà kò yí rárá. Ṣùgbọ́n ohun tó lè gé irin kò nílò kó yí kó tó gé ẹran ara.

Ọwọ́ òsì mi tó bọ́tìnnì pupa. Mo na ọwọ́ sí i, mo sì dúró. Kí ló fẹ́ ṣe fún mi? Bí mo bá tú u sílẹ̀ tí iná padà, mọ́tò á kàn di orí náà mú gírígírí síbi tó wà ni, lórí ọwọ́ mi. Kí orí tó lè gòkè, mo gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan lórí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà sì wà lódìkejì ẹ̀rọ níbi tí ọwọ́ mi ò lè dé. Ọwọ́ tí mo máa ń yí tẹ́lẹ̀ kò sí mọ́. Mọ́tò ló wà ní ipò rẹ̀. Mo gbìyànjú láti fi èjìká gbé orí ẹ̀rọ, àyè kò gbà mí. Mo pariwo.

Àbúrò mi sáré wọlé. Ohun tó kọ́kọ́ gbá mú ni bọ́tìnnì pupa, torí òun lọ́wọ́ gbogbo èèyàn máa ń lọ. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó gun àpótí, kó fi ọwọ́ yí coupling tó wà láàárín mọ́tò àti skúrúù lókè òpó. Ó débẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, apá ibo ni kí n yí i sí?” Mi ò mọ̀. Ẹ̀rọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tò, mi ò mọ apá tí skúrúù ń yí sí kí orí tó gòkè, torí kọ̀ǹpútà ló ń bá mi yí i látọjọ́ yìí. Mo sọ ọ̀kan fún un. Ó yí i. Kọ́tà wọlé sí i. Ìgbà yẹn ni ojú mi ṣú. Ohùn àbúrò mi tó ń wí pé “Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ má bínú” ni mo ń gbọ́, tó sì ń yí i padà kíákíá sí apá kejì, títí ọwọ́ mi fi bọ́.

Wọ́n rán an, eegun kò kán, mo ti padà sídìí iṣẹ́. Gas spring méjì, ìyẹn sípíríǹgì afẹ́fẹ́ tó ń ti orí sókè, àti búréèkì ti wà lára Z báyìí, ẹ̀rọ náà sì ń ṣe dáadáa.

Àwọn kan ti sọ fún mi pé irọ́ ni, pé tiwọn kò já rí. Tèmi náà kò já rí kó tó ọjọ́ yẹn. Ẹ wò ó, gib ni ìdí rẹ̀, ìyẹn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi ń fún orí ẹ̀rọ mọ́ òpó. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ to ẹ̀rọ náà, gib le koko, ó ń di orí mú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù ìgbésẹ̀ bí orí bá ń gòkè, ìyẹn ni pé kò rìn tó bí kọ̀ǹpútà ṣe ní kó rìn. Mo dẹ gib díẹ̀, mo fi epo sí ojú irin dáadáa, ó sì ń yọ̀ bó ṣe yẹ. Ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni mo ṣe. Ohun tó kẹ́yìn tó ń di orí mú láìsí iná ni mo sì mú kúrò. Nítorí náà, pé tiyín kò tíì já kò fi nǹkan kan hàn ju pé irin ṣì ń gbo irin níbì kan.

Bọ́tìnnì pupa ń dá mọ́tò dúró, kò dá ìwúwo dúró. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ o, mi ò ní kí ẹ fi iná sílẹ̀ kí ẹ máa ki ọwọ́ bọ abẹ́ kọ́tà. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ gbé ìtì igi kan sáàárín orí ẹ̀rọ àti tábìlì. Mo ti gé oríṣiríṣi gígùn tèmi, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n wà. Kí igi kọ́kọ́ débẹ̀, kí ọwọ́ tó tẹ̀ lé e.

Ẹ fi ọ̀dà kun ọfà sára coupling tó ń fi ọ̀nà òkè hàn, kí ẹ sì fi í han gbogbo ará ilé. Kò gba àkókò rárá.

Lórí ohun tó máa di orí mú, ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tó dára. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi skúrúù àtijọ́ sílẹ̀ sórí Z. Yóò lọ́ra, ṣùgbọ́n ìwúwo orí fúnra rẹ̀ máa ń ti àlàfo nọ́ọ̀tì sí apá kan, fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé ó tó. Ìkejì ni kí ẹ gbé ìwúwo náà kúrò lọ́rùn skúrúù, bóyá pẹ̀lú ẹrù tí ṣéènì gbé kọ́ sẹ́yìn òpó, bóyá pẹ̀lú gas spring, irú èyí tó ń gbé ìdérí búùtù ọkọ̀ dúró. Newton ni wọ́n fi ń wọn gas spring. Kílò 50 jẹ́ bíi newton 490, nítorí náà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 250 bá a mu. Ẹrù ẹ̀yìn òpó kì í rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun tí mọ́tò máa gbé sáré di ìlọ́po méjì. Gas spring kò fi nǹkan púpọ̀ kún un, àmọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń jò díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Yálà ẹ yan èyí tàbí ìyẹn, mọ́tò kò ní pàdánù ìgbésẹ̀ mọ́ bó bá ń gòkè. Ìwúwo kan náà ló ń dà á láàmú.

Ìkẹta ni búréèkì, òun ni mo sì fọkàn tán jù. Ẹ rí i pé irú èyí tí sípíríǹgì ń fún pọ̀ nígbà tí kò sí iná lẹ rà. Irú kejì wà tó jẹ́ pé iná ló ń fún un pọ̀, kò wúlò fún wa. Fóltì 24 ló sábà máa ń lò. Kí driver kọ́kọ́ gba iná kí búréèkì tó tú. Bí iná bá ń lọ, kí búréèkì kọ́kọ́ mú kí driver tó dákẹ́. Ohun mìíràn wà tí kò hàn sójú: diode, ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo, tí a máa ń fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà búréèkì láti dáàbò bo relay, switch tí iná ń darí, ń jẹ́ kí iná pẹ́ nínú búréèkì, búréèkì á sì pẹ́ kó tó mú. Varistor, èyí tó ń gba iná tó bá ga jù sára, dára jù níbẹ̀. Kí relay sì já iná náà lẹ́yìn ibi tó ti di DC, iná tó ń gba apá kan ṣoṣo bíi ti bátìrì, kì í ṣe ṣáájú ibẹ̀, ìdí kan náà ni.

Mo gbọ́ àwọn tó ń wí pé kí n kúkú ra CNC tó ti ilé iṣẹ́ wá, pé iṣẹ́ àtòpọ̀ ló fà á. Ẹ̀rọ mílìn tí wọ́n kọ́kọ́ fi nọ́ńbà darí ní MIT ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1952, Cincinnati Hydro-Tel tó ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n yí padà. Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí là ń ṣe é, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ìyókù, ẹ ti mọ̀ ọ́n: ẹ má yọ wáyà mọ́tò kúrò lára driver nígbà tí iná wà lára rẹ̀, driver á jóná. Ẹ lo switch òpin ọ̀nà tó jẹ́ pé bí wáyà rẹ̀ bá já, ẹ̀rọ á dúró.

Kí ẹ tó lo Z fún iṣẹ́ kankan, ẹ gbé orí lọ sókè, ẹ to igi sábẹ́ rẹ̀ kó ku bí ìka mélòó kan láàárín wọn, ẹ pa gbogbo iná, ẹ fi ọwọ́ mì í, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá sún rárá, kò tíì tó lò. Ẹ tún ìdánwò yìí ṣe nígbàkígbà tí ẹ bá fi epo sí i tàbí tí ẹ bá fọwọ́ kan gib. Bí ẹ bá sì gbé mọ́tò spindle tó wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ sí i, ẹ tún gas spring ṣírò látìbẹ̀rẹ̀.