Kí ẹ tó ra táàpù omi híhó, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ẹni tí yóò máa lò ó

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ ṣe táàpù omi híhó sí síǹkì yín, ìyẹn táàpù tó ń tú omi híhó jáde lójú ẹsẹ̀ láì lo kẹ́tùlù, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Owó rẹ̀ kò kéré. Kẹ́tùlù wà nílẹ̀, kò bàjẹ́. Ẹnì kan nínú ilé sì ti sọ pé fàájì lásán ni. Èmi náà gbọ́ gbogbo rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló sì sọ ọ́ jù. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá ń bá yín gbé, bíi tiwa, ohun kan ni kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ta ló ń gbé omi gbígbóná nínú ilé, báwo sì ni ọwọ́ ẹni náà ṣe rí?

Nílé tiwa, Màmá ni. Làkúrègbé ti mú wọn ní ìka ọwọ́ ọ̀tún, ti òsì sì ń gbọ̀n. Wọ́n fẹ́ràn tíì, wọn kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn pò ó. Ẹ lè gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ìyá, ẹ lè gba ọbẹ, ṣùgbọ́n ẹ dán ife tíì wò kí ẹ rí i. Kẹ́tùlù tó ń gba lítà 1.5, bí omi bá kún un, ó wúwo ju kílò 2 lọ, ọrùn ọwọ́ nìkan ló sì ń gbé e. Kò tán síbẹ̀, ẹ ó tún dà á gẹ̀rẹ́ kí omi tó jáde. Fún ìka tí kò ká dáadáa mọ́, iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé tí a ò ra kẹ́tùlù kékeré. A rà á. Màmá ní omi rẹ̀ kì í tó, ni wọ́n bá padà sí ti tẹ́lẹ̀. A ní kí wọ́n máa pè wá. Wọ́n ń pè wá, àfi láàárọ̀ kùtù tí wọn ò bá fẹ́ jí wa.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn, wọn ò fẹ́ jí wa. Mo gbọ́ tí kẹ́tùlù já lulẹ̀ nílé ìdáná, lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Pé wọn ò pariwo gan-an ló já mi láyà. Mo sáré débẹ̀, mo bá wọn lórí ìdúró, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di etí síǹkì mú, ètè wọn ń gbọ̀n, ohùn ò jáde. Etí síǹkì yẹn náà ni kẹ́tùlù ti kọ lù, ìdérí rẹ̀ ṣí, omi sì dà láti ìbàdí dé orúnkún ẹsẹ̀ òsì. Oru ṣì ń rú lára aṣọ wọn.

Mo bọ́ aṣọ náà. Ibi kékeré kan tó ti lẹ̀ mọ́ itan, mi ò fà á. Mo gbé wọn lọ sí ilé ìwẹ̀, mo gbé wọn jókòó, mo ṣí omi tútù sórí itan wọn kí ó máa ṣàn. Ojú mi báyìí ni awọ ara wọn ṣe pọ́n, tó ń dán, kí ó tó léròrò. Èyí tó tóbi jù fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì ń mì bí omi ṣe ń bà á. Òtútù mú wọn, eyín wọn ń gbá ara wọn, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo èjìká wọn, ṣùgbọ́n mi ò ti omi náà pa. Ẹnì kan gbé ọṣẹ ìfọyín wá. Ẹnì kan ní yìnyín ló dára jù. Mo lé wọn jáde pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni lórí ìyẹn títí dòní. Bí omi gbígbóná bá jó èèyàn, omi tútù tó ń ṣàn ni, fún ìṣẹ́jú 20. Kò sí ọṣẹ, kò sí òróró, kò sí yìnyín. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó fi ọ̀rá mímọ́ tí a fi ń bo oúnjẹ tẹ́ ojú egbò náà, ẹ má wé e fún pinpin, kí ẹ tó gbéra lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa pé omi yẹn ló ran Màmá lọ́wọ́ jù.

Abẹ́ omi yẹn ni wọ́n ti rí ohùn sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Má bínú, ọmọ mi. Mo rò pé mo ṣì lè gbé e ni.” Ẹni tí omi jó ló ń bẹ̀ mí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ó ṣì ń dùn mí.

Egbò náà jinná. A ra táàpù. Màmá ti ń po tíì fúnra wọn padà.

Ní ti bó ṣe ń ṣiṣẹ́, táǹkì kékeré kan ló wà lábẹ́ síǹkì, irú tiwa ń gba lítà 3. Omi inú rẹ̀ gbóná ju 100°C lọ, ó ń dé 110°C nínú àwọn kan, ṣùgbọ́n kò lè hó torí pé ó há mọ́ inú táǹkì, kò ráyè. Ìgbà tí ẹ bá ṣí i tó ráyè jáde ló máa hó lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn míì wà tí omi wọn kì í dé 100°C, ó kàn ń sún mọ́ ọn. Kì í ṣe nǹkan tuntun tí a ò mọ̀ rí o: ọdún 1970 ni Henri Peteri, ará Netherlands, ti ronú kàn án nígbà tó wà ní ilé-iṣẹ́ Unilever, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀ tí a kàn ń da omi híhó lé lórí. Òun ló bẹ̀rẹ̀ Quooker, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe táàpù yìí.

Nítorí náà, àwọn tó ń sọ pé táàpù náà lè jó èèyàn, òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Omi 60°C lásán lè jó àgbà yánnayànna láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5, awọ ara arúgbó àti ti ọmọdé sì tún fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ pé kò lè jó wọn. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò sí ohun tí wọ́n máa gbé. Ìwọ̀nba omi tí wọ́n bá ṣí ló ń jáde, kì í ṣe odindi kẹ́tùlù tó máa dà sí ara lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì sí wáyà tí ọmọdé lè fà lulẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ọwọ́ tí mo ń wí. Ọ̀pọ̀ jù nínú táàpù yìí ló ní ohun tí wọ́n fi ń dènà ọmọdé. Èyí tí a kọ́kọ́ fẹ́ràn, ẹ ó tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó yí i. Èmi ṣe é wẹ́rẹ́. Màmá tẹ̀ ẹ́, tẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Ká ní mo dá lọ rà á ni, àwa ì bá ní táàpù olówó gọbọi nílé, Màmá ì bá sì tún padà sídìí kẹ́tùlù. Òmíràn ní ọwọ́ gígùn tí wọ́n lè fi àtẹ́lẹwọ́ tì, ìyẹn la mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ẹni tí yóò lò ó dání lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i, kí ó sì tì í. Ẹ má fi ọwọ́ tiyín dán an wò fún un. Bí arúgbó àti ọmọdé tó ń gun nǹkan bá jọ wà nílé, ti ọmọdé ni kí ẹ kọ́kọ́ rò: ẹ ra èyí tó ṣòro ṣí, kí àgbà míì máa bá arúgbó bu omi.

Ìyókù kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ rí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì wà lábẹ́ síǹkì, àyè sì wà níbẹ̀. Bí ohun funfun bá máa ń dì sínú kẹ́tùlù yín, yóò dì sínú táǹkì náà, ẹ ka owó asẹ́ àti ìfọ̀ mọ́ ọn. Omi máa ń wú bó bá gbóná, nítorí náà ẹ ní kí púlọ́ńbà fi páìpù tí omi àwúyọ ń gbà jáde hàn yín. Ẹni tó bá sì ní á dín owó iná kù, ẹ rọra gbà á gbọ́. Táǹkì tó dáa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 10 kí omi má baà tutù. Ní wákàtí 24, iná yẹn tó láti fi se omi bíi lítà 2.5. Bí ife méjì péré lẹ ń mu lóòjọ́, kẹ́tùlù tí ẹ kò bu omi kún jù kò ní ná yín tó bẹ́ẹ̀. Èmi ò tìtorí owó iná rà á.

Ife náà ṣe pàtàkì. Omi tó kọ́kọ́ jáde máa ń ta pẹ̀lú oru, nítorí náà Màmá kì í di ife mú. Inú síǹkì ni wọ́n ń gbé e sí, lábẹ́ ẹnu táàpù gan-an: ife ọlọ́wọ́ méjì tí ìdí rẹ̀ fẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kó kún ju ààbọ̀ lọ. A gbé tábìlì àti àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, kí wọ́n má baà gbé e rìn.

Bí ẹni yín kò bá sì lè ṣí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ má rà á, ohun yòówù kí ọlọ́jà sọ. Ẹ̀rọ kan wà tó ń dúró lórí tábìlì, tí ẹ ó bu omi sí fún un láàárọ̀. Bó bá ti tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, á se omi ife kan, á dà á sínú ife fúnra rẹ̀. Kò sí gbígbé, kò nílò púlọ́ńbà, owó rẹ̀ kò sì tó ti táàpù rárá.