Mo Lọ Wo Igi Ténéré ní Niamey

Igi kan kì í dá igbó ṣe, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Igi tí mo torí rẹ̀ lọ sí Niamey, olú ìlú orílẹ̀-èdè Niger, kò dá igbó ṣe, àmọ́ ó dá aṣálẹ̀ ṣe. Nígbà ayé rẹ̀, òun nìkan ló dúró ní Ténéré, nínú Sàhárà lọ́hùn-ún. Èèyàn lè rìn ju 200 kìlómítà lọ kó má fojú kan igi mìíràn.

Àwọn Tuareg tó ń da ràkúnmí láti Agadez lọ kó iyọ̀ ní Bilma máa ń pàdé nídìí rẹ̀ kí wọ́n tó dojú kọ aṣálẹ̀. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni, irú èyí tí ràkúnmí máa ń jẹ dáadáa, síbẹ̀ wọn kì í jẹ́ kí ràkúnmí fẹnu kàn án. Wọn kì í ṣẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ dáná tíì. Ẹ rò ó wò ná: òtútù alẹ́ aṣálẹ̀ ń mú yín, igi wà lórí yín, ẹ ò sì ní ṣẹ́ ẹ. Èèwọ̀ ni.

Ní 1973, ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ kọ lù ú, ó wó. Wọ́n ní awakọ̀ náà ti mutí yó. Gbogbo aṣálẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu fún un, igi kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, òun náà ló lọ gbá! Inú bí mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, kò sì tíì tán nínú mi. Kì í tiẹ̀ ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Henri Lhote, ará Faransé tó ti rí igi yìí tẹ́lẹ̀, padà débẹ̀ ní 1959, ó bá a pé ọ̀kan nínú ìtì méjì tí igi náà ní ti lọ. Ọkọ̀ ló ṣẹ́ ìyẹn náà. Abájọ tí wọn kì í fi sọ ibi tí igi tó ń jẹ́ Methuselah wà gan-an fún àlejò ní Kalifóníà, igi tó ti lò ju ọdún 4,800 lọ láyé. Ọ̀nà tí wọ́n gbà yẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Oṣù kọkànlá ọdún 1973 náà ni wọ́n gbé òkú igi Ténéré wá sí Musée National Boubou Hama, ilé ìkó-nǹkan-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ní Niamey tó ní ọgbà ẹranko nínú. Ère igi onírin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ lójú aṣálẹ̀.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ tí mo débẹ̀, eruku bo gbogbo ojú ọ̀run. Àwọn ọmọdé ń sáré lọ wo ẹranko. Mo fi Háúsá kí bàbá àgbàlagbà kan, mo bi í léèrè igi náà. Ó ní, “Ọmọ mi, máa bọ̀.”

Kò ga bí mo ṣe rò. Ó ti gbẹ pátápátá, ó rí bí eegun tí oòrùn ti pa fún ọdún gbọọrọ. Ẹ̀là wà lára rẹ̀ láti òkè wá sílẹ̀, eruku ọyẹ́ sì ti kún inú ẹ̀là náà, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo dúró síbẹ̀ títí, n kò lè sọ̀rọ̀. Bàbá náà ló là mí lójú. Ó ní, “Ohun tó kéré níbẹ̀ ni wọ́n gbé wá yìí. Èyí tó pọ̀ ṣì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún.”

Òótọ́ ló sọ. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ kànga sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi náà láàárín 1938 sí 1939, wọ́n rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ ti walẹ̀ kọjá mítà 30 kó tó kan omi.

Nígbà tí bàbá lọ, mo kẹ́yìn sí igi náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣísẹ̀ mi. Ìgbà tí mo ka 45, mo dúró, mo bojú wẹ̀yìn. Àwọn ọmọdé ti wà láàárín èmi àti igi náà. Ó ti kéré lójú mi. Báyìí ni gbòǹgbò rẹ̀ gùn tó, nínú iyanrìn, lọ sísàlẹ̀ tààrà.