Kí ẹ tó fi aago bàbá yín lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Wọ́n ti kó inú aago Seiko 5 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú rẹ̀ nílé mọ̀ pé kò ní bátìrì. Irin kan ló ń yí nínú rẹ̀ bí a bá ti ń ju apá, òun ló ń wáìńdì í. Ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá kì í fò, geere ló ń yọ̀ lọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, mo gbé e fún ọkùnrin kan tó ń tún aago ṣe nígboro Ìbàdàn pé kó fọ inú rẹ̀, kó fi òróró tuntun sí i. Àbúrò mi ló bá mi lọ gbà á. Mo fi sétí: tá, tá, tá. Ọwọ́ rẹ̀ ń fò. Mo mì í, n kò gbọ́ irin kankan. Ojú ihò kékeré tí ọjọ́ máa ń wà ṣófo. Ara mi tutù. Orúkọ tí bàbá mi fi abẹ́rẹ́ ha sẹ́yìn rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì olówó pọ́ọ́kú oníbátìrì ló wà nínú. Ọkùnrin náà búra pé bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé e wá.

Torí náà, ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ tún aago yín ṣe ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ lójú yín, kí ẹ ya fọ́tò inú rẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lẹ́yìn Seiko, ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7009 tàbí 7S26. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì nìyẹn, ẹ ó sì tún rí i lára ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbà á, kó tún un ṣí, kí ẹ fi wé fọ́tò. Bí ìyẹn bá bí i nínú, ẹ gba aago yín, ẹ máa lọ.

N kò pe gbogbo àwọn tó ń tún aago ṣe lólè o. Bàbá kan ní Dùgbẹ̀ ló bá mi wá ẹ́ńjìnì 7009 lára aago àlòkù, ó sì ti ń ṣiṣẹ́. Kí n tó gbé e fún un, bátìrì aago ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò. Ó wé èyí tó ti kú sínú bébà, ó dá a padà fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè. Òun náà ló sọ fún mi pé rọ́bà ẹ̀yìn aago bàbá mi ti le, kí n má jẹ́ kí omi kàn án.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ máa yà kí i bí ẹ bá ń kọjá, kódà bí ẹ kò gbé iṣẹ́ dání. Ẹ má kán an lójú. Ẹ gbọ́ iye owó kó tó tú u, kí ẹ sì gba ohun tó bá yọ kúrò. Àti fọ́tò yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà á, kódà bó jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló fẹ́ tún un ṣe.