Gbogbo "baba" tí ẹ bá gbọ́ lókèèrè kọ́ ni bàbá

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Yorùbá ń gbé rìnrìn àjò, "bàbá" ló tètè ń ṣini lọ́nà jù, nítorí kò síbi tí ẹ ò ní gbọ́ ohun tó jọ ọ́.

Ní Green Lanes ní London, níbi tí àwọn ará Tọ́kì pọ̀ sí, bàbá náà ni baba. Ìparí ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ohùn tiwa mu. Ìyá bàbá ẹni ni babaanne: baba, àti anne tí í ṣe ìyá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ bọ̀wọ̀ fún àgbàlagbà tó ń ta ẹran, amca ni kí ẹ pè é, ìyẹn arákùnrin bàbá ẹni. Bí kò bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀, abi, ìyẹn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. (Abi yìí kì í ṣe ìbéèrè o.)

Ọ̀dọ̀ àwọn Slavic ni wàhálà wà, obìnrin ni baba lọ́dọ̀ tiwọn. Ìyá àgbà ni ní Bùlgáríà, ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ sì ni. Baba Marta, ìyẹn Ìyá Àgbà Oṣù Kẹta, ni wọ́n ń kí káàbọ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Ẹ pe obìnrin bẹ́ẹ̀ ní Rọ́ṣíà, ó lè di ìjà. Babushka ni ìyá àgbà níbẹ̀. Ní Naples ní Ítálì, babà jẹ́ àkàrà òyìnbó tí wọ́n ń rì sínú omi ṣúgà àti ọtí rum. Láti Poland ni orúkọ náà ti wá.

Ní Ṣáínà, ohùn ni ẹ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Bàbá ni bàba: ohùn àkọ́kọ́ ń já wálẹ̀ láti òkè, ìkejì á wá fúyẹ́. Ẹ gbé méjèèjì sókè, "mẹ́jọ mẹ́jọ" lẹ sọ yẹn. Kò yẹ kí èyí ṣòro fún ẹni tó mọ̀ pé bàbá yàtọ̀ sí bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná.

Àwọn kan á ti fi èyí jẹ́rìí pé ọmọ ìyá ni Yorùbá àti èdè Tọ́kì. Irọ́ ni. Roman Jakobson, onímọ̀ ẹ̀dá èdè, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1960: ọmọ ọwọ́ á pa ètè dé, á ṣí i, ba-ba tàbí ma-ma á jáde, òbí á sì sọ pé òun ló ń pè. Ẹni tí ìró náà máa já mọ́ lọ́wọ́ kò sí lọ́wọ́ ọmọ. Ní Georgia (orílẹ̀-èdè tó bá Tọ́kì pààlà, kì í ṣe ti Amẹ́ríkà), bàbá ni mama, ìyá sì ni deda!

Ibi tí ẹ̀jẹ̀ Yorùbá ti wà nínú rẹ̀ lóòótọ́ ni Bràsíl àti Kúbà. Babalorixá, babalaô, Babá Egum tí wọ́n ń bọ ní erékùṣù Itaparica ní Bràsíl, Babalú Ayé ti Kúbà: tiwa ni gbogbo wọn. Síbẹ̀, ní Salvador, olú ìlú ìpínlẹ̀ Bahia ní Bràsíl kan náà, ẹni tó ń wá babá lè jẹ́ pé olùtọ́jú ọmọ ló ń wá. Bí wọ́n bá tẹ iwájú ọ̀rọ̀ náà, itọ́ tó ń ṣàn lẹ́nu ni. Bí àwọn ọ̀dọ́ Bahia bá sì ní kí ẹ wá "bater um baba", bọ́ọ̀lù àdúgbò ni wọ́n fẹ́ gbá. Ẹ mú bàtà dání.