Àkàrà kí oògùn àtọ̀sí ajá tó wọlé

Ìyá ọmọ kan dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi láàárọ̀ ọjọ́ tí a fẹ́ fún àwọn ọmọ lóògùn àtọ̀sí ajá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Mi ò jẹ́ kó fẹnu kan nǹkan kan látàárọ̀." Inú rẹ̀ ń dùn bó ṣe ń sọ ọ́.

Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ, torí ibẹ̀ lèmi náà ti kọ́ ọ. Nílé wa ní Òmù-Àrán, tí aràn bá ti ń yọ wá lẹ́nu, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ìyá àgbà ti máa ń gbo omi ewúro fún wa. Wọ́n ní tébi bá ti pa aràn dáadáa, kò ní mọ̀gbà tí á gbé oògùn náà mì.

Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú, oògùn tòní ò fẹ́ inú òfìfo." Mo mú ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ ìyá alákàrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, mo ra ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà mẹ́rin fún un, mo sì jókòó tì í títí ó fi jẹ ẹ́ tán.

Ojú mi ti rí nǹkan ni. Ilé ìwé kan lápá Àjàṣẹ́-Ìpo ni mo wà tẹ́lẹ̀, níbi táwọn ọmọ ti máa ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò tí ìṣáwùrú pọ̀ sí. Inú ìṣáwùrú yẹn ni kòkòrò àtọ̀sí ajá ti ń jáde sínú omi, tí á sì gba awọ ara wọlé. Ọmọ á máa tọ ẹ̀jẹ̀, kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la bẹ̀rẹ̀ sí í pín oògùn lọ́jọ́ náà, ẹnì kankan nínú wa ò béèrè ta ló ti jẹun. Ọmọkùnrin kan gbé hóró méjì mì, hóró ńlá olómílígíráàmù 600 tó korò bí ewúro. Kò pẹ́ tó fi ń di ikùn mú, tó ń sọ pé òòyì ń kọ́ òun, tó sì bì í gbogbo rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn tó wà lórí ìlà rí i. Ìlà tú ká. Nígbà tí oògùn tún dé, ọ̀pọ̀ òbí ló fi ọmọ sílé, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lóye. Kòkòrò yìí kì í gbé inú ìfun. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí àpò ìtọ̀ ká ló ń gbé, nítorí náà praziquantel, oògùn àtọ̀sí ajá tí à ń pín, gbọ́dọ̀ kúrò nínú ìfun bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ kó tó bá a. Oúnjẹ ló ń jẹ́ kí èyí tó pọ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló sì ń dín èébì àti òòyì kù. Ti albendazole, oògùn aràn inú, yàtọ̀: inú ìfun gan-an ni aràn wà, ibẹ̀ ni oògùn ti ń bá a, kò di dandan kí ọmọ jẹun kó tó lò ó. Ti ìyá àgbà kúkú ní ìtumọ̀ tiẹ̀. Aràn inú ni wọ́n ń lé.

Oògùn ibà tó ní lumefantrine nínú náà ń fẹ́ oúnjẹ, pàápàá èyí tó lọ́ràá. Ọmọ tí ibà ń ṣe kì í fẹ́ jẹun, mo mọ̀, ṣùgbọ́n wàrà díẹ̀, mílíìkì tàbí àkàrà kan tó lépo lára ń ràn án lọ́wọ́ gidi. Tó bá sì bi oògùn náà kí wákàtí kan tó pé, ẹ tún fún un ní òmíràn.

Ọmọ ọjọ́ yẹn lo oògùn tiẹ̀, ó sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù nígbà ìsinmi. Láti ìgbà náà, mo máa ń kọ ìwé sáwọn òbí ní ọjọ́ kan ṣáájú, àwa tíṣà sì ń dáwó fáwọn ọmọ tí kò bá rí nǹkan jẹ nílé. Tí mo bá ti sọ fún ìyá alákàrà pé ọ̀la ni oògùn, ṣe ló máa ń fi kóńgò kan lé ẹ̀wà tó bá ń rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà.