Ẹ bá mi dúpẹ́ orí ọmọ mi, ẹ sì bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀

Alihamudulilahi. Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, ẹ̀yin ìyálọ́jà wa ní Ouando, ẹ̀yin ẹgbẹ́ àsàlátù wa, mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu aráyé. Ẹ wá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọmọ.

Àbígbẹ̀yìn mi ló ń múra ìdánwò BAC tí wọ́n fi ń parí girama. Ẹni tó bá ní ọmọ ní Terminale, kíláàsì tó kẹ́yìn, mọ bí ilé ṣe máa ń rí lásìkò yẹn: iná kì í kú, bébà kún ilẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan rédíò. Ọmọ kò sùn, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó ń ṣiṣẹ́. Kò jẹun, wọ́n ní ìwé ló gbà á lọ́kàn.

Àfi lóru ọjọ́ kan tó já sí àgbàlá, tó ní àwọn kan wà lẹ́yìn ògiri tí wọ́n ń pe orúkọ òun. Kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Òógùn bò ó, àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì débi pé mo ń rí i lára ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ mọ ìlú wa. Kílẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ní iṣẹ́ ayé ni ti dé, ẹni tó ti mọ̀ pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ṣe é náà ti dé. Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n rántí ohun tí wọ́n sọ sí obìnrin yẹn.

Ọsibítù la gbé e lọ. Dókítà ń bèèrè: kí ló jẹ, kí ló mu? A ò mọ̀. Ọmọ náà kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan kó já gaara. Ibẹ̀ la wà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi gun ọ̀kadà zemidjan dé, tó ń gbọ̀n, tó na páálí oògùn kan sí dókítà. Ó ní òun lòun fún un. Àbúrò òun tó ti Faransé dé ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Methylphenidate ló wà lára páálí náà. Dókítà ní oògùn gidi ni. Ọmọ tí èrò rẹ̀ kì í dúró sójú kan láti kékeré ni wọ́n ń fún, àti ẹni tí àìsàn máa ń gbé sùn lọ́sàn-án gangan. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ọkàn rẹ̀ wò, wọ́n á wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, díẹ̀ ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ. Àdéhùn àgbáyé ti 1971 lórí irú oògùn bẹ́ẹ̀ pàápàá ní kò gbọdọ̀ jáde láìsí ìwé dókítà. Ọmọ tèmi ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà, ó tún ń fi kọfí lé e.

Oògùn náà máa ń ta ọpọlọ jí, ó ń mú ọkàn sáré, ó ń ti ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń lé ebi àti oorun lọ. Bó bá pọ̀ lára, tí àìsùn tún dà pọ̀ mọ́ ọn, etí lè máa gbọ́ ohun tẹ́nikẹ́ni kò sọ. Ohun tó dùn mí jù nínú àlàyé rẹ̀ ni pé inú oorun ni ọpọlọ ti ń to ohun téèyàn kà sípò. Oorun tó yẹ kó bá ọmọ tọ́jú ìwé rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lé lọ. Ó kàn ń ṣe é bíi pé ó mọ̀ ọ́n ni.

Wọ́n fún un ní oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, wọ́n fa omi sí i lára, wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ àyà rẹ̀. Dókítà ní bí kì í bá ṣe páálí yẹn, òun ìbá ṣì máa wá ohun tí òun kò mọ̀ kiri.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní kí n gbé ọ̀rẹ́ ọmọ mi ṣépè, n kò ní ṣe é. Ó mọ̀ pé wọ́n lè fi ọlọ́pàá mú òun, ó mọ irú ẹgba tí bàbá òun ní nílé, ó sì tún wá. Mo mọ àgbà tó jẹ́ ṣálángá ni yóò da ìyókù oògùn náà sí, tí yóò tún wá bá wa sunkún ní ọsibítù.

Ara ọmọ mi ti yá. BAC kọjá lórí rẹ̀ lọ́dún yìí, yóò tún kíláàsì náà ṣe. Ó ń sùn, ó sì ń jẹ ẹ̀bà ìdílé mẹ́ta.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun, a ó ṣe sàráà nílé wa. Ọ̀rẹ́ ọmọ mi àti ìyá rẹ̀ ló máa jókòó tì mí. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ń se ọbẹ̀. Ẹni tí èyí kò bá dùn mọ́, kó rán ọmọ wá gba oúnjẹ tirẹ̀.